Òkìtì Kòkó Àlájì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbẹ̀ ṣe lè lágídí tó, kí ó lọ sọ fún un pé kò mọ kòkó rẹ̀ í tọ́jú. Èmi lọ sọ ọ́. Obìnrin ni mí, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ọmọ ààfáà kan ní Ìwó, mo sì ń kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn tí ń rà á lọ́wọ́ mi ti dá ẹrù mi padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kòkó náà korò. Wọ́n ní bí èkejì bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí n máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni inú fi ń bí mi. Lẹ́yìn náà mo gba Kuta lọ, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí mo ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí àwọn àgbẹ̀ wa bá ti pa kòkó tán, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí wọ́n tó kó o lọ sá sétí títì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ló yẹ kí kòkó tútù fi wà lábẹ́ ewé, kí ó máa gbóná títí inú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí wọ́n ṣí i, láti rò ó pọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Bàbá kan ní, "Ọmọ wa, kòkó tí bàbá mi tà tí wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà, ọjọ́ méjì ni wọ́n bò ó." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ti yanu láti fèsì tí kò dáa, àmọ́ Àlájì tó jẹ́ olórí wọn gbà mí sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi tèmi dán an wò," Àlájì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Bó bá dáa, gbogbo wa á máa ṣe é. Bí kò bá dáa, kálukú á padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Bí iṣẹ́ mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ òkìtì kòkó kan ṣoṣo nìyẹn.

Àárín àgbàlá ni Àlájì kó o sí, wọ́n fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe ń lọ, ìyàwó kékeré Àlájì fà mí lápá. Òun náà ní igi kòkó díẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé obìnrin lè ṣe tiẹ̀ náà?" Mo ní kí ló dé tí kò ní lè ṣe é. Ó kó tiẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ní ọjọ́ kẹta mo yà síbẹ̀. Mo bá àna Àlájì kan láti Olúpọ̀nnà, ó ti ti ọwọ́ bọ inú òkìtì dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ tì í wọlé dáadáa!" Àlájì ń yọ̀ ṣìnkìn. "Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń gbóná bí ẹ̀kọ àárọ̀?"

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ kìíní. Àlejò kì í dé ilé Àlájì kí ó lọ láì rí nǹkan jẹ tàbí nǹkan wò, kòkó tó ń gbóná fúnra rẹ̀ sì ti di ìran. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo mọ́sáláṣí ló ń bọ̀.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ooru ń jáde."

"Ọmọ mi, ooru tó pọ̀ tó yìí? Mélòó ni ọwọ́ èèyàn á mú níbẹ̀?"

Mo sunkún nínú mọ́tò dé Ìwó. Mi ò lè purọ́.

Nígbà tí kòkó gbẹ tán, aṣojú àwọn tí ń rà á wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀bẹ. Gbogbo àgbẹ̀ pé sí àgbàlá. Ó la kóró kan látinú ti Àlájì, inú rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ elésè àlùkò, kò pọ́n. Ó la òmíràn, bákan náà ni. Àlájì fi ọ̀kan sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù. Àwọn kan ti ń dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ.

Ìyàwó kékeré bá yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá kòkó kan sílẹ̀.

"Ẹ bá mi la èyí náà, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà là á. Inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn dídùn sì gba àgbàlá. Ó la mẹ́wàá, ọ̀kan kò yàtọ̀. Ó bèèrè bó ṣe rí i ṣe.

"Ọjọ́ mẹ́fà náà ni," obìnrin náà dáhùn. "Ta ló máa ń wá kí kòkó lẹ́yìn ilé ìdáná?"

Mo mọ ilé tí ọkọ yóò ti ta irú igbá bẹ́ẹ̀ nípàá. Àlájì wo igbá náà, wọ́n wo ìyàwó wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi," ni Àlájì wí. "Ọjọ́ mẹ́fà kò jẹ̀bi. Èmi pẹ̀lú àwọn àna mi la jẹ̀bi."

Àlájì dìde lórí àga wọn, wọ́n ní kí ìyàwó wọn jókòó síbẹ̀ kí ó ṣàlàyé. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá. Àwọn ọkùnrin padà sórí ẹní, èmi náà jókòó láàárín wọn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí oòrùn fi wọ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí ní ẹyọ kan.