Bàbá Tó Dúró Létí

Etí ni Àdìjátù fi mọ bàbá rẹ̀, kò fi ojú mọ̀ ọ́n. Kò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara nígbà tí àìsàn ráńpẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ, ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó fà á ni pé Salahudeen atukọ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán òun. Ààfáà rẹ̀ ti sọ fún un pé àwòrán ẹlẹ́mìí kò dára, òun náà sì gbà á tọkàntọkàn. Ọjọ́ ìkómọjáde ni o, ọjọ́ Iléyá ni o, bí onífọ́tò bá ti ń gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀, Salahudeen á ti wábi gbà.

Ọmọ tí kò bá mọ ojú bàbá rẹ̀, ojú gbogbo àgbà ọkùnrin àdúgbò ni yóò máa wò. Bẹ́ẹ̀ ni Àdìjátù ṣe dàgbà. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sin ọkọ, ó sì ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé títí di òní olónìí nínú ojúlé kan náà tí wọ́n bí i sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó tún ń wá láyé, àfi ọ̀kan yìí. Bó bá sì bi Àmúdàtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè pé báwo ni Bàbá ṣe rí, ìdáhùn kan náà ni yóò gbà: "Ó ga, ó dúdú, ó lẹ́wà." Ta ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bàbá tó ti kú ṣe máa ń rí?

Àmúdàtù nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó fi ojú rí Salahudeen. Ó ti tó ọmọ tí ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ létí omi nígbà náà. Òun ló máa ń sọ ìtàn àwọn òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ ayafíìmù kan wá sí èbúté ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, ẹ̀rọ tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó. Ó ní gbogbo àwọn atukọ̀ ń du iwájú, wọ́n ń yọ eyín, àmọ́ Bàbá ti ọkọ̀ tirẹ̀ sápá kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n dúró létí ní tèmi." Kò lè sá kúrò níbẹ̀ pátápátá torí èrò ń bọ̀ wá wọkọ̀. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì kà á sí ju ìtàn lọ.

Ní báyìí, àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glákómà ti pa ojú Àmúdàtù kan, èkejì ò sì rí ju ohun ńlá tó bá súnmọ́ ọn lọ. Àdìjátù a máa rò ó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ pé bí ojú kan tó kù yẹn bá lọ, bàbá òun kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Khairiyyah, ọmọ Àdìjátù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbosere, ló rí fíìmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fíìmù ìrìn-àjò ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń ṣe láyé ọjọ́un láti fi ìlú onílùú han àwọn ará ilé wọn. Ó ti gbó, ó ti ṣá, kí àwọn kan tó jókòó tì í, tí wọ́n tún un ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Èkó wà nínú rẹ̀, èbúté sì wà nínú Èkó náà. Khairiyyah ò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ má gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní Sọ́ńdè o. Ẹ sọ fún Màmá Alhájà pé mò ń bọ̀ wá fi nǹkan hàn yín." Àmúdàtù ló ń pè ní Màmá Alhájà.

Nígbà tí Sọ́ńdè náà pé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n fa Àmúdàtù lọ́wọ́ wọ pálọ̀, wọ́n fi í sórí àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù. Tẹlifíṣọ̀n yìí gba kí èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Òun ni ọlá Àdìjátù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ló ti ṣàkíyèsí pé bí àwọn fíìmù kan bá ń ṣe, dúdú máa ń bo òkè, dúdú á sì bo ìsàlẹ̀. Ó ní rárá o, odindi lòun rà, òun ò ra àbọ̀. Ó ní kí ẹni tó wá gbé e kọ́ ṣe é kí àwòrán kún un bámúbámú, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kan sẹ́tìn rẹ̀, wàhálà onítọ̀hún dé nìyẹn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀ tòun ti orin fèrè. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò rí ń fi gẹ̀ẹ́sì dídán sọ pé Èkó ń jí lójú oorun.

"Ta ló sùn?" ni Àmúdàtù bi í.

Márínà yọ. Igi tò létí omi, omi sì ń lu ẹsẹ̀ ògiri níbi tí mọ́tò ń gbà kọjá lónìí. Àdìjátù ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé omi débẹ̀ rí, àmọ́ ìròyìn ò tó àfojúbà. Aṣọ aró tí àwọn obìnrin ró dúdú dáadáa, bí ẹni pé lánàá ni wọ́n rẹ ẹ́. Gbogbo wọn ló ń kánjú, ó sì dájú pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà ní sàréè. Ó ń wò wọ́n, àánú wọn ń ṣe é, kò sì mọ ìdí.

"A ti dé èbúté, Màmá Alhájà," ni Khairiyyah wí.

"Ẹ má wo àárín," ni Àmúdàtù dáhùn. "Bàbá ò lè sí láàárín. Etí ni kí ẹ wò."

Ọkọ̀ kún èbúté. Àwọn atukọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ ń jó nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Àdìjátù wo etí ọ̀tún, omi ló rí. Ó wo etí òsì, ìdajì ọkọ̀ kan ló rí, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò hàn. Kó tó mí, fíìmù ti bọ́ sọ́jà. Khairiyyah dá a padà, wọ́n tún un wò, ìdajì ọkọ̀ náà ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì mú Àdìjátù débi pé kò lè fi pamọ́.

"Pa á," ló wí. "Ó ti tó."

Khairiyyah ò pa á. Ó ń rò ó pé nígbà tí orúkọ fíìmù jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ ò hàn, èyí tó gbẹ̀yìn náà ò hàn.

"Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n yìí ń gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sinimá ńlá ni wọ́n ṣe fíìmù yẹn fún, ó fẹ̀ ju báyìí lọ. Kó tó lè kún tẹlifíṣọ̀n yín lókè àti nísàlẹ̀, àfi kó da ọ̀tún àti òsì nù."

"Ta ló ní kó dà á nù?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Ẹ ò rí ayé bí? Obìnrin tó ti ń wá bàbá rẹ̀ láti kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gé e kúrò, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ. Ó na rìmóòtù sí ọmọ rẹ̀. Dúdú bo òkè, dúdú bo ìsàlẹ̀, àwòrán kéré sí i, ó sì gùn láti ìkangun dé ìkangun. Létí òsì pátápátá, ìdajì ọkọ̀ di odindi. Ọkùnrin kan dúró nínú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó ń so okùn. Ó jọ pé ẹnì kan pè é. Ó bojú wẹ̀yìn, oòrùn sì tàn sí i lójú gan-an. Khairiyyah dá a dúró níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó," ni Àdìjátù wí. "Ṣé òun ni?"

Àmúdàtù dìde, ó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwòrán tóbi, ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀. Ní báyìí tó wà níbẹ̀, àwòrán ti kéré jù fún ojú kan ṣoṣo tó kù.

"Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń rí," ló wí.

Khairiyyah fi fóònù rẹ̀ ya ojú ọkùnrin náà, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí kò fi jọ ojú èèyàn mọ́. Pàbó ló já sí. Àdìjátù wá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, èmi á bá yín wò ó. Imú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé iwájú orí rẹ̀ yọ? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ó lẹ́wà."

Àmúdàtù padà jókòó.

"Mi ò mọ̀ mọ́, Àdìjátù."

"Báwo lẹ ò ṣe ní mọ̀?"

"Ó ti sá mọ́ mi lójú tipẹ́. Kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí rárá ló ti sá. Mo máa ń wá a. Aṣọ rẹ̀ ni màá rí, màá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní wá. Nígbà tó yá, mo kàn ń wo ìwọ. Ẹni bíni là á jọ, ìwọ lo gbé ojú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ, torí mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé ó ti sọ nù lọ́wọ́ èmi náà."

Omi bọ́ lójú Àdìjátù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún tù ú nínú, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ta ló tilẹ̀ mọ ojú ara rẹ̀ débi tí yóò fi dá a mọ̀ lára ẹlòmíì? Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wò mí. Wo ọkùnrin yẹn. Má ṣàánú mi o."

Khairiyyah wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkùnrin inú ọkọ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀. Iwájú orí bá iwájú orí mu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu. Ojú òsì àwọn méjèèjì kéré díẹ̀ sí ti ọ̀tún.

"Òun ni, Mọ́mì," ló wí.

Àdìjátù yíjú sí àwòrán náà. Ohun tí kò rò rí láyé rẹ̀ ló bá pàdé: ọ̀dọ́ ni bàbá rẹ̀. Kò dàgbà tó Khairiyyah. Bó bá jẹ́ pé ó kọjá lójúde wọn lónìí, "Ìwọ, wá bá mi gbé ẹ̀rọ yìí" ni ì bá wí fún un. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Ṣé ó kọjú sí wa?" ni Àmúdàtù béèrè.

"Ó kọjú sí wa."

"Kí lo wá ń dúró ṣe? Ṣé bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú bàbá ẹni nìyẹn?"

Àdìjátù di etí tábìlì mú, ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú ọmọkùnrin tí òun lè bí lọ́mọ.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. "Èmi ni Àdìjátù. Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín."