Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó Ará Áísílàǹdì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé pé òun ń mú ìyàwó òun, ọmọ Áísílàǹdì, bọ̀ wálé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ kì í sí nílé nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé, nítorí náà ìlú Ìbẹ̀fun la máa fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ sí. Ta ni yóò wá bá ìyàwó sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀? Ẹnu mi yá: "Èmi ni!" Bẹ́ẹ̀ ìwé mi ò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé gírámà èdè wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo bá lẹ́tà kan níbẹ̀ tó dà bí p tó gbé ọrùn sókè. Àwa, tí a ò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, "wọ́n" là ń di ẹrù rẹ̀ rù: wọ́n fọ aṣọ, wọ́n jí ewúrẹ́. Tiwọn, aṣọ á di fífọ̀, ewúrẹ́ á di jíjí, ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì wẹ̀, àfi kó là á mọ́lẹ̀ pé ara òun lòun wẹ̀, bí ẹni pé ti aládùúgbò ni ì bá wẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń wá, pé a óò fọ ẹsẹ̀ ìyàwó fún un. Mo há a sórí bí orin.

Ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ilé gbé omi tútù jáde nínú igbá, ìyálé wọn ló ṣíwájú. Mo la ẹnu. Èdè sá lọ, òógùn ló jáde. Ìyàwó wo omi, ó wo eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba igbá lọ́wọ́ ìyálé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè: Ìyàwó tí kò jẹ́ kí ilé fọ ẹsẹ̀ òun, ṣé ó fẹ́ bá ilé gbé?

Ojú ìyálé korò. "Ọkọ wa, èdè tí ẹ ń kọ́ láti ọjọ́ yìí dà? Ṣé ẹ gbé e mì ni?"

"Ó ń bọ̀," ni mo wí. Irọ́ ni.

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó ti ìyàwó lórí àtẹ̀gùn, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sí ìyálé. "Ẹ fọ tèmi ná."

Obìnrin kan pariwo: "Ẹ wá wo ìyàwó onírùngbọ̀n!"

Ẹ̀rín bú. Ìyálé gba igbá mìíràn, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀, mo ké. Ìyàwó wò mí, ó wo ọwọ́ ìyálé, ó dá igbá padà, ó sì na ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ìyálé fọ̀ ọ́ dé àárín ọmọ ìka, bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. "Káàbọ̀ sílé, ìyàwó mi." Ó nu ún gbẹ, ó dì í lọ́wọ́ mú wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí nu tèmi.