Ògiri Makáò ní Rumuodara

Òkúta náà kéré, kò ju ẹyin àdàbà lọ, alángbá kan lára ògiri ni mo sì sọ ọ́ sí. Alángbá yẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ìró tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ife, mo sì rí i pé gíláàsì tó wà lára ògiri ti fọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì dá páropáro. Òórùn bọ̀lì tí ìyá kan ń sun lẹ́nu géètì nìkan ló ń wọlé, ìyá náà sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé báàgì ìwé mi kọ́ èjìká, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Gíláàsì yẹn kì í ṣe ti fèrèsé. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ògiri náà ti sán lójú kan, Baba, bíríkìlà tó kọ́ ọ, wá fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì mọ́ ọn, ó gbé e dábùú ibi tó sán náà. Bí ògiri bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gíláàsì á fọ́, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Bí kò bá fọ́ títí òjò ọdún náà fi dá, wọ́n á fi ògiri sílẹ̀, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fọ́, katapílà á wá wó o. Gbogbo ìjọ ló mọ àdéhùn yìí, èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Aládùúgbò wa ni Baba, yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ní Rumuodara. A kì í dárúkọ rẹ̀. Ìlàjẹ ni, ó sì ti ṣe káfíńtà nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọdún gbọọrọ kó tó fìdí kalẹ̀ sí Port Harcourt, tó di bíríkìlà. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ìró karawun ìṣáwùrú tó ń fi ṣọ́bìrì dà sórí sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré níhìn-ín nìyẹn, karawun dípò òkúta, òórùn odò kì í sì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Màá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan, Baba á máa pò, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ Makáò fún mi.

Ìlú tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, ìlú etíkun ní ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn Potogí ti gbé pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ rẹ̀ gbé e débẹ̀. "O dúró lójú títì kan ṣoṣo," á ní, "agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́tùn-ún rẹ, èéfín tùràrí ń ti tẹ́ńpìlì bọ̀ lósì rẹ, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sẹ́nì kejì." Mo ti kàwé báyìí, mo sì mọ̀ pé ìbínú wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí Baba ṣe rí i nìyẹn. Ó sọ nípa tẹ́ńpìlì tí wọ́n kọ́ sétí omi fún ìyá àwọn apẹja, tó ti wà níbẹ̀ kí Potogí àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀. Ó sọ nípa gbàgede tí wọ́n to òkúta dúdú òun funfun sí bí ìgbì òkun. "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ á ní òun ti débi ilẹ̀ tó dúró. Ilẹ̀ náà á tún máa mì lójú ẹ̀." Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá débẹ̀.

Kì í rẹ́rìn-ín bó bá kan ògiri. "Wàá gun àtẹ̀gùn títí," á ní, "wàá sì bá ojú ṣọ́ọ̀ṣì kan lókè. Ojú nìkan o. Iná ti jó gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi sí i lára, wọ́n gbé àdàbà sókè ẹ̀, wọ́n kọ ìwé àwọn Ṣáínà sí ẹ̀gbẹ́ Màríà. Tó o bá gba ojú fèrèsé ẹ̀ wòkè, sánmà lo máa rí. Wọn ò wó o."

Nígbà tí ìjọ wa ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Baba ni wọ́n fún ní iwájú rẹ̀, ohun tó rí ní Makáò ló sì kọ́ síbẹ̀. Ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọkọ̀ ojú omi sókè ilẹ̀kùn, ó mọ àdàbà sórí rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe láyé nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ ọdún tí rédíò sọ pé àwọn Potogí dá Makáò padà fún Ṣáínà ni wáyà iná mànàmáná gbiná nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òrùlé lọ, ògiri mẹ́ta lọ. Iwájú nìkan ló kù, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Alága ìgbìmọ̀ ìjọ fẹ́ kí wọ́n wó ìyẹn náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní bọ́dà, àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. "Baba, this one no be play," ó ní. "Àwọn ọmọ wa ń ṣe Sunday school lábẹ́ ẹ̀. Tó bá wó lé wọn lórí ńkọ́?" Baba ní iná ló sán ògiri náà, kò yẹ̀ lójú ibi tó wà. Bí ọ̀rọ̀ gíláàsì ṣe wọlé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé tí mo fọ́ ọ, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òjò dá. Baba ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trans-Amadi lọ́sẹ̀ náà, kò tíì rí i. Mi ò lè jẹun. Màmá mi ní ibà ni, ó fún mi lóògùn tó korò bí ewúro, mo sì gbé e mì láìjanpata, ó yà á lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ fún un. Àmọ́ mo mọ ọwọ́ màmá mi lórí pàṣán, mo sì tún mọ̀ pé gbogbo ìjọ ni màá bá dúró ṣẹjọ́. Mo ní bóyá ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Wọ́n rí i lọ́jọ́ Sunday. Lẹ́yìn ìsìn, alága pe gbogbo wa jọ sábẹ́ tàpólì níwájú ògiri. Baba fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó sún mọ́ gíláàsì náà, ó sì wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan kàn án. Ó wá yíjú padà.

"Ta ló ń gba ibí kọjá lójoojúmọ́?"

"Ọmọ mi ni, sà," màmá mi dáhùn. "Ibẹ̀ ló ń gbà lọ sílé-ìwé."

Gbogbo ojú bọ̀ sára mi. Baba bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé tèmi. "Ṣé nǹkan kan ba gíláàsì yìí?"

"Rárá, sà."

"Má bẹ̀rù. Rò ó dáadáa."

"Mi ò rí nǹkan kan, Baba."

Ohùn mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní, pé ohùn mi ò gbọ̀n. Baba ò dìde. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sórí tàpólì, Baba ṣì ń wò mí. Ẹnu mi ti fẹ́ là. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Baba, ó tó. The glass don break."

Baba nà ró. "Ó ti fọ́," ó ní. "Àdéhùn la ṣe."

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni katapílà dé. Mo ti ilé-ìwé bọ̀, mo bá èrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rò pé yóò taari rẹ̀. Ó taari rẹ̀, ògiri ò mira. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá, èéfín dísù bo gbogbo wa. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta, ó nu òógùn. "Oga, who build this thing? E strong pass una church." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Alága ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sọ́wọ́. Òòlù ńlá ni wọ́n wá fi ń fọ́ ògiri náà wẹ́wẹ́, karawun ìṣáwùrú sì ń dán nínú gbogbo ibi tó ti já.

Baba dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wò mí. "Gíláàsì tí ògiri bá fà ya," ó ní, "ìlà kan ló máa ń ní, á tẹ̀ lé ibi tí ògiri sán gbà. Èyí tí mo rí yẹn ní ojú kan láàárín, ìlà wá fọ́n káàkiri láti ibẹ̀. Nǹkan ló bà á."

"Baba, ẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀ kí n tó bi ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn?"

"Tí èmi bá sọ ọ́, àwáwí àgbàlagbà ni. Tí ìwọ bá sọ ọ́, òótọ́ ni. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Kò sọ fún màmá mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọdún tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlàjẹ, ibẹ̀ ló kú sí. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ìbéèrè báyìí, tó wá dákẹ́ tó ń wò mí, màá ti sọ ọ́ kó tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mo lótìítọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi dé Hong Kong, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Makáò. Mo tẹ òkúta dúdú òun funfun. Mo gun àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ ojú omi wà lára ògiri náà lóòótọ́, àdàbà wà lókè, sánmà sì wà nínú fèrèsé. Mo dúró láàárín èrò, mo sọ ọ́ jáde ní Yorùbá: "Baba, èmi ni. Òkúta mi ló bà á." Obìnrin ará Ṣáínà kan tó wà nítòsí rò pé mo ní kó bá mi ya fọ́tò, ó nawọ́ gba fóònù mi. Mo fún un. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ojú sì ń tì mí láti fi han ẹnikẹ́ni, torí mò ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bí ọmọ tí kò rí nǹkan kan.