Ìbọn Tó Ń Súfèé Lára Ògiri

Títí dòní ni àdúgbò ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí agbéraga kan gbé ìbọn ṣakabùlà wọ ṣọ́ọ̀bù olóògbé Bàbá Agbóhùn-ìbọn, tó máa ń yẹ ìbọn àtijọ́ wò láti mọ orírun wọn. Agbéraga náà ní, "Baba ńlá mi ló gbà á lójú ogun!" Bàbá kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn náà, ó fi àtàǹpàkò sàmì síbi tó dé, ó fà á yọ, ó wá fi wọn irin náà láti ìta, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí. Ló bá gbé etí lé ẹnu ìbọn, ó dijú.

"Ìbọn yìí ní òun ò mọ baba ńlá yín rí," ni Bàbá wí. "Irin rẹ̀ ti òkè òkun wá lóòótọ́, ẹ wo òǹtẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdí rẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ tábìlì ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí dìgbà tó rántí pé tábìlì ìyá òun àgbà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un.

Ìbọn ni Bàbá máa ń kí kó tó kí oníbàárà. Bí oníbàárà bá tìtorí ẹ̀ bínú, á ní, "Ta ló dàgbà jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìbọn kan ṣoṣo ni kò sọ orírun rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni: èyí tó gbé kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀mọ̀wé mẹ́ta wò ó, wọ́n dárúkọ ilẹ̀ mẹ́ta, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá ara wọn létí. Bàbá kàn ń wúkọ́ ni. Lọ́sàn-án gangan, ìbọn náà á súfèé, fíìì, bí ẹni ń pe èèyàn. Bàbá á dáhùn: "Mo ń bọ̀ o!" Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìbọn náà dákẹ́. "Ó ti mọ̀," ni àwọn aládùúgbò wí, wọn ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bàbá sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wá bá ọmọbìnrin náà. "Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá yín ló ń yẹ ìbọn wa wò, àmọ́ àwọn kan ní obìnrin ò lè mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ sọ ibi tí ìbọn ara ògiri yìí ti wá fún wa lọ́la, kíṣẹ́ di tiyín. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó wá ẹlòmíì."

Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé. Ó gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀, ó wo abẹ́ irin, kò rí òǹtẹ̀ kankan. Ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ọ̀pá ò dé ìdí. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀! Ó de irin kọdọrọ tó rí bí ìwọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá, ó rọra yí i, ó fà á. Ìwé tí wọ́n ká sínú ọ̀rá ló bá a jáde, ọwọ́ Bàbá ló sì kọ ọ́:

"O ṣeun tí o kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. O ti mọṣẹ́. Èmi ni mo rọ ìbọn yìí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ihò tí iná ń gbà bá ẹ̀tù fẹ̀ jù, kò yìn rí, atẹ́gùn ojú fèrèsé ló ń súfèé níbẹ̀. Ojú ń tì mí ni. Má sọ fáwọn ọ̀mọ̀wé yẹn kí n tó kú."

"Ẹ ti kú, Bàbá!" ló pariwo, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé náà han ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì gbéṣẹ́ fún un. Ọmọbìnrin náà gbé ìbọn padà kọ́ ògiri. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, fíìì! Ó yíjú sí fèrèsé. Títì ló wà, gbọn-in.

Kò sá lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo ń bọ̀ o, Bàbá mi," ló wí, ó sì mú ọ̀pá.