Omi Eérú Tó Lẹ Páálí

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí, orí mi á wú, ojú á sì tún tì mí díẹ̀. Ìgbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di èèyàn pàtàkì lábúlé wa, lọ́nà Idigny, nílẹ̀ Kétu. Àwọn olùwádìí kan láti únífásítè àti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páálí ló para pọ̀ wá bá wa. Kóòlù ni wọ́n fi ń lẹ páálí, sódà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni wọ́n sì fi ń sè é. Sódà yẹn wọ́n, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ba odò jẹ́. Wọ́n ní ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tiwa làwọn fẹ́ fi ṣe kóòlù, kí omi eérú sì rọ́pò sódà. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóko wa bí ẹni pé wọ́n fi ṣépè fún wa. Eérú ńkọ́? Àwọn ìyá wa ti ń fi omi eérú se ọṣẹ kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé tó máa máa wo ẹ̀rọ. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí sẹ́tífíkà ku ọdún méjì, àmọ́ mo lè ka nọ́ńbà, bírò sì wà lápò mi. Bírò yẹn ò ní yíǹkì. Wọ́n mú mi.

Ẹ̀rọ náà ò ju ìka méjì lọ. Tá a bá tì í bọ omi eérú, á sọ bí omi náà ṣe le tó. Màdáàmù tó ṣáájú àwọn olùwádìí ní bó bá ti dé méjìlá, ká máa sè é. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Kò pẹ́ tó fi kan méjìlá, látọjọ́ náà, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo wá ń yan káàkiri: "Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ tèmi kì í lọ sókè, kì í lọ sísàlẹ̀."

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni olórí àwọn tó ń sẹ́ eérú. Á fi ìka kan omi náà, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ dànù.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, omi yìí ò ta o. Ó dà bí omi ògì."

"Màmá, ayé ahọ́n ti kọjá. Nọ́ńbà la ń wò."

"Ó dáa, mùsíè. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá se ọbẹ̀, kó o pè mí."

Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tiẹ̀ láṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì la fi kóòlù ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni páálí là gbàgà bí ẹnu ọmọ tó ń sunkún. Nígbà kẹta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà bá màdáàmù wá fúnra rẹ̀. Ó ní bí kò bá lẹ̀ lónìí, àwọn á padà sídìí sódà, kí kálukú máa lọ. Àwọn obìnrin tó ti pa gààrí tì nítorí iṣẹ́ yìí dúró yí wa ká.

Mo ti ẹ̀rọ bọ omi. "Méjìlá!"

Màdáàmù ní, "Lánàá ńkọ́?"

"Méjìlá."

"Ìjẹta?"

"Méjìlá, màdáàmù. A kì í yẹsẹ̀."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ omi kànga. Méjìlá. Ó tì í bọ omi tí ọ̀gá ń mu. Méjìlá. Ó gbé e sí imú.

"Kí lẹ fi pa á?"

"Òrí ni. Òjò ń rọ̀, màdáàmù. Ta ló máa fi irin sílẹ̀ lásán kó dípẹtà?" Bí mo ṣe ń pa àdá àti ọkọ́ mi lórìí náà ni mo ń pa á, ní alaalẹ́, bí ọmọ tuntun.

Màdáàmù ní òrí ti bo ojú ẹ̀rọ, kò lè mọ bí omi kankan ṣe le tó mọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àbúrò bàbá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń so ìró rẹ̀ le. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kó eérú tuntun wá."

Ó da omi kan náà padà sórí eérú tuntun nínú ajẹrẹ, ìkòkò oního tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Nígbà tó kán tán, ó tọ́ ọ wò. "Ó kù." Màdáàmù ti fi ọṣẹ wẹ ẹ̀rọ; ó tì í bọ̀ ọ́, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Wọ́n tún un sẹ́. "Ó kù díẹ̀." Nọ́ńbà gòkè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú kan, ó tutọ́ jìnnà. "Èyí ta!" Ẹ̀rọ ti kọjá méjìlá.

Màdáàmù ní, "Màmá, ahọ́n yín àti ẹ̀rọ wa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà."

"Ẹ̀rọ yín ló ń sọ tèmi."

A se kóòlù, a lẹ páálí, a sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, wọ́n kó iṣu kún inú rẹ̀, ọ̀gá gbé e sókè, ó jù ú sílẹ̀. Ó tún jù ú. Iṣu fọ́, páálí ò là.

"Ẹ ti gún iyán fún wa láìlódó," ni àbúrò bàbá mi wí.

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì fa páálí náà. Pépà ya, ojú ibi tá a lẹ̀ ò mira. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la." Ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé wọn ò gbọ́ ọ dé Odomèta.

Lónìí, àwọn ọmọ únífásítè ló ń wá jókòó sẹ́sẹ̀ àbúrò bàbá mi, pọrọfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èmi ń kó eérú. Iṣẹ́ tó bá mi mu ni, mi ò sì ṣì í rí. Àmọ́ bí mo bá dé ọjà Kétu, mi ò lè rí páálí kí n má fi èékánná wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, obìnrin kan tó ń ta tòmátì inú agolo pariwo mọ́ mi: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ ya á?" Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣí ni. Ó já a gbà, òun náà fi èékánná sí i, ó fi eyín sí i.

Kò ṣí.