Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Wá Jẹ́wọ́ Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó kọjá. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí!

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sango. Mi ò fọ́nnu o, àmọ́ ta ló tún mọ̀ ọ́n tẹ̀ bíi tèmi ládùúgbò yìí? Ìjọ wa kì í lo oògùn. Oògùn ẹ̀fọ́rí lásán, èèwọ̀! Omi àdúrà nìkan.

Ní Tuesday, irin máṣíìnì fa ọwọ́ ọ̀tún mi ya níbi iṣẹ́ ní Agbara. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ṣùrù! Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò tiẹ̀ bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó rán ọwọ́ náà lójú mẹ́fà. Ṣé kí n purọ́ fún yín? Mi ò ní kó má gún un.

Ká ní mo panu mọ́ ni, ta ni ì bá mọ̀? Èmi kẹ̀? Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status: ojú mẹ́fà, omijé kankan ò jáde, ọkùnrin ogun! Mo gbàgbé pé gbogbo choir ló ní nọ́ńbà mi.

Sunday dé, mo bá a tí wọ́n ti faṣọ bo kíbọ́ọ̀dù kí n má bàa tẹ̀ ẹ́. Alàgbà tó ń darí ìjọ pè mí síwájú. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́, kí n ṣèlérí pé mi ò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́ láyé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n bọ́ sùtánà, kí n wábi gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ! Mọ́mì mi ń sunkún níjokòó, wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n ṣáà kúnlẹ̀.

Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀, ni ẹnu mi bá yọ. Mo ní mo gba Jésù gbọ́, mo sì gba nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́, èwo ni kí n jẹ́wọ́ nínú méjèèjì?

Yéè! Ariwo ta! "Ẹ lé e jáde, ojú ẹ̀ ti là jù!"

Ni Màmá Àdúrà bá dìde. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀, oògùn ò kan ọ̀fun wọn láti ìgbà náà. Mo ní ó ti parí fún mi nìyẹn.

Àfi bí Màmá ṣe kọjú sí Alàgbà. "Ìwọ, ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni oògùn?"

"Màmá, òfin ìjọ ni. Ọ̀dọ̀ yín la ti kọ́ ọ."

"Ọ̀dọ̀ mi kẹ̀?" Màmá pòṣé. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ń kú lọ nígbà náà, àwọn wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tó bá yè, àwọn ò ní lo oògùn mọ́. Ọmọ náà sì yè. "Èmi ni mo bá Ọlọ́run mi sọ tèmi. Ṣé mo bá ẹ sọ tìẹ ni?"

Àdéhùn ẹnìkan ṣoṣo la sọ dòfin láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí!

Màmá fúnra wọn ló ká aṣọ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. "Tẹ̀ ẹ́ jàre, ẹlẹ́nu bí ọ̀pọ̀lọ́." Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì í tẹ̀ dáadáa, ẹ má sọ fẹ́nìkan o.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí jù. Bá a ṣe ń lọ sílé, Mọ́mì mi rọra bi mí bóyá nọ́ọ̀sì yẹn máa ń wo orúnkún. Wọ́n ní ó ti ń dùn wọ́n láti bí ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin! A jọ ń gbé yàrá kan, wọn ò sọ fún mi rí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìgbàgbọ́ ò ṣeé yá lò. Bí wọ́n bá ní òfin ni, ẹ bi wọ́n pé ta ló ṣe é.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ti fi dandan ní kẹ́ ẹ gbà gbọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ jọ̀ọ́. Mo wà nílé, èmi àti Mọ́mì la máa jọ kà á.