Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Mi Fi Aṣọ Ṣe

Ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ aṣọ láti Ìbà lọ sí Òkòkòmáìkò kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bàbá mi, olùkọ́ yunifásítì, ló fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ dúdú tó ń jẹ́ kábọ̀n mọ́ra títí ó fi le, tó sì fi ṣe férémù, egungun kẹ̀kẹ́ náà.

Wẹ́dà àdúgbò wa rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, aṣọ á gbé èèyàn kẹ̀? Tó bá ṣẹ́, ẹ gbé e wá kí n jó o pọ̀."

Inú bí mi. Mo gùn ún jáde.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ni mo ti já sí kòtò, gbì! Rìímù iwájú ká kò. Férémù kò sán, kò ṣẹ́. Wẹ́dà fi òòlù lu férémù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi, mo gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ó sáré tẹ̀lé mi: "Ọmọ tíṣà, ṣé aṣọ yẹn ṣì kù nílé?"

"Ẹ bi bàbá mi, sà." N ò dúró, rìímù ni mò ń wá lọ.